Táǹkì omi iyọ̀ nínú ilé tó ń lo jẹnẹrétọ̀: ìrírí mi

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí mo kà kí n tó ra táǹkì omi iyọ̀ ló ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà wá, níbi tí iná kì í sábà lọ, tí wáyà earth inú ilé, èyí tó ń gbé iná tó bá jò wọ ilẹ̀ lọ, sì ṣeé fọkàn tán. Àwọn tó kọ wọ́n ní kí ènìyàn fi RCD, ẹ̀rọ tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò, sí ìdí iná tó ń lọ sí táǹkì, kí ó sì fọkàn balẹ̀. Mo rà á, mo sì ní kí wọ́n bá mi kàn án mọ́ ògiri. Ohun tí n kò bá pàdé nínú gbogbo ohun tí mo kà ni bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ṣe nínú ilé tó ń jẹ iná jẹnẹrétọ̀ ní àṣálẹ́, tó bọ́ sórí ínfátà lóru, tí iná ìjọba sì dé bá a ní ìdájí. Torí èyí ni mo ṣe jókòó kọ ìrírí yìí sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń gbèrò àtisin ẹja òkun nínú ilé ní Èkó tàbí ní ìlú mìíràn tí ọ̀rọ̀ iná wọn jọ tiwa.

Ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ní Surulere ni a ń gbé. Táǹkì náà gba omi bíi 300 lítà. Táǹkì kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí àsẹ́ àti pọ́ǹpù tó ń dá omi padà sókè wà. Àwọn pọ́ǹpù mìíràn ń ru omi nínú táǹkì òkè, iná LED wà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ amómitutù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí pé irú ẹja tí mo ń sìn fẹ́ kí omi wà láàárín 24 sí 27 lórí ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ooru Èkó máa ń gbé omi tí a kò mójú tó kọjá 30. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló ń jẹ iná láti ara ẹ̀sitẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo tí a tẹ́ sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí àlejò má baà máa rí wáyà. Ó rẹwà lójú.

Omi òkun ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan, iyọ̀ yìí ló sì ń la ọ̀nà fún iná mànàmáná nínú rẹ̀: iná ń gba inú omi òkun kọjá ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ju bó ṣe ń gba inú omi tí a ń mu. Ẹni tó ti sin ẹja inú omi aláìníyọ̀ rí lè ti máa fọwọ́ bọ omi fún ọdún pípẹ́ nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, kí ohunkóhun má sì ṣe é, àṣà náà ni yóò gbé wọ inú omi iyọ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe gbé e wọ̀ ọ́.

Inú táǹkì nìkan ni mo sì ń wò bí ibi tí ewu wà. Iyọ̀ tó ń jáde kúrò nínú rẹ̀ ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ máa ṣọ́. Omi ń ta sí etí gíláàsì, omi gbẹ, iyọ̀ kù síbẹ̀. Èyí tó tún ta lé e yóò gba ara iyọ̀ yẹn lọ síwájú sí i, títí èèpá funfun yóò fi tẹ̀lé wáyà dé ìdí púlọ́ọ̀gì. Nígbà ọyẹ́, èèpá náà gbẹ kanrankanran, bí a bá fi èékánná họ ọ́ á bọ́ dànù, kò sì jọ ohun tó lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n iyọ̀ máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí 75 nínú ọgọ́rùn-ún, afẹ́fẹ́ Èkó sì ń kọjá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ òru nínú ọdún. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, èèpá yẹn kan náà ti di tútù, ó ń dán. Mo fa púlọ́ọ̀gì pọ́ǹpù kan yọ ní àkókò náà: ẹsẹ̀ idẹ rẹ̀ ti ṣe àwọ̀ ewé, ike tó yí i ká ti dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ihò ẹ̀sitẹ́ńṣọ̀n tí mo ti yọ ọ́ sì ń rùn bí ike tó jóná. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni iná ti lè ràn mọ́ ilé, bírékà lásán kò sì ní mọ̀, nítorí pé iná tó ń rá lórí iyọ̀ tútù kéré púpọ̀ sí èyí tí bírékà ń dúró dè kí ó tó já.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ náà tún fi tirẹ̀ kún un. Nígbà tí pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ bá dáwọ́ dúró, omi máa ń fà padà láti táǹkì òkè gba inú páìpù, yóò sì máa fà títí ẹnu páìpù náà yóò fi bọ́ sí afẹ́fẹ́. Ẹnu páìpù tèmi jìn sínú omi. Iná lọ lóru ọjọ́ kan, omi kún táǹkì ìsàlẹ̀, ó sì ya sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, sórí ẹ̀sitẹ́ńṣọ̀n. Nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀, a gbọ́ ìró kan tó ń ṣe ṣáṣáṣá nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkọ mi ló sáré pa changeover. Ọwọ́ tèmi ti wà lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tó wo ìṣòro yìí sàn kò náni lówó: a lu ihò kékeré kan sí ara páìpù náà ní ìsàlẹ̀ ojú omi díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè tètè wọ inú rẹ̀ bí omi bá ti ń fà, a sì dín omi táǹkì ìsàlẹ̀ kù kí àyè lè wà fún èyí tó bá padà wá. Ihò yẹn máa ń dí, nítorí náà mo máa ń fi ehín-igi tú u nígbàkigbà tí mo bá ń nu gíláàsì. Mo sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pa pọ́ǹpù nígbà mìíràn, kí n dúró, kí n wo ibi tí omi yóò gùn dé.

Ní gbogbo àkókò yìí, RCD wà lára ògiri. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó yé. Ó ń wo iye iná tó lọ lórí wáyà kan àti iye tó padà wá lórí èkejì. Bí iye tó padà bá dín, a jẹ́ pé díẹ̀ ti gba ibòmíràn lọ, bóyá ara ènìyàn, RCD yóò sì já iná náà. Irú èyí tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo ènìyàn gbọ́dọ̀ já nígbà tí ohun tó sọnù bá tó 30 mA (ẹgbẹ̀rún mA ló wà nínú ámpíà kan, ìyẹn A), kó má sì pẹ́ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fíúùsì tó wà nínú púlọ́ọ̀gì wa jẹ́ 13 A, ìyẹn 13,000 mA, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó kéré sí 100 mA tó bá gba àyà kọjá lè mú kí ọkàn máa gbọ̀n dípò kó máa lù. Wáyà ni fíúùsì wà fún. Ènìyàn kò sí nínú ìṣirò rẹ̀.

Nígbà tó yá, RCD bẹ̀rẹ̀ sí í já. Lórí jẹnẹrétọ̀, kì í já. Lórí ínfátà, kì í já. Bí iná ìjọba bá ti dé báyìí, ó já nìyẹn, a ó sì dá a padà, yóò tún já. Gbogbo ilé gbà pé agbára iná ìjọba ló pọ̀ jù nígbà tó bá ń wọlé. Oníṣẹ́ iná tí mo pè gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní, “Màdámù, nǹkan yìí ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ lè sinmi.” Ó so wáyà tó wọlé mọ́ èyí tó jáde, ó fi téèpù wé e, ó gbowó rẹ̀, ó sì lọ. Ní tòótọ́, a sinmi. Iná kò já mọ́, omi ń lọ ó ń bọ̀, ẹja ń jẹun.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹja tó ń jẹun yìí, torí pé mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn: “Bí iná bá wà nínú omi, ẹja á ti kú.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ ń bà lórí wáyà iná àdúgbò, ó sì ń fò lọ láyọ̀, nítorí pé kò sí ibi tí iná fẹ́ gba ara rẹ̀ lọ. Bí gbogbo omi inú gíláàsì bá wà ní fólítì kan náà, ẹja kò ní mọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ tó wá fọwọ́ bọ omi náà ni iná rí ọ̀nà gbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìlera ẹja wọn ìlera omi rẹ̀ ní ti iná mànàmáná.

Òkúta òkun mú gan-an, ó sì ti họ mí ní ìka. Mo fọwọ́ bọ omi láti gbé òkúta kan tó ṣubú dìde, nǹkan kan sì ta mí lójú egbò náà. Mo rò pé iyọ̀ lásán ni. Ta ni kò mọ̀ pé iyọ̀ ń ta egbò? Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí mo fi ń fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn tu ara mi nínú. Ohun tó là mí lójú ni pé ó ń ta mí nígbà tí mo bá dúró lórí táìlì láìwọ bàtà, pàápàá tí táìlì bá tutù, kì í sì í ta mí nígbà tí mo bá wọ sálúbàtà rọ́bà. Iyọ̀ kò mọ ẹni tó wọ bàtà yàtọ̀ sí ẹni tí kò wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ti rí irú ìyàtọ̀ yìí, ẹ má ṣe dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i láti fi mọ̀ dájú. Ẹ fa ọwọ́ yín jáde, ẹ lọ pa iná láti ibi tó ti ń wọlé, kì í ṣe láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì táǹkì, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fa púlọ́ọ̀gì. Mo sọ pé kì í ṣe láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì nítorí pé a padà rí i nílé wa pé wọ́n ti gbé wáyà méjèèjì sí ipò ara wọn nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan: bí a bá pa á, ẹ̀rọ á dákẹ́, ṣùgbọ́n iná ṣì wà lára wáyà tó lọ bá a.

Bàbá tó wá yanjú ọ̀rọ̀ náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ iná. Kò fọwọ́ kan ohunkóhun kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi.

“Ẹ ní kì í já lórí jẹnẹrétọ̀ rárá?”

Mo ní, “Rárá o, sà. Iná ìjọba nìkan.”

“Ta ló wá ní ó bàjẹ́? Òun nìkan ló ń sọ òtítọ́ fún yín nínú ilé yìí.”

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Ní ìdí tiransifọ́mà àdúgbò, wọ́n ti so wáyà neutral, ìyẹn èyí tí iná ń gbà padà, mọ́ ilẹ̀. Nítorí náà, iná tó bá jò jáde nínú táǹkì wa lè gba ilẹ̀ padà lọ sí ìdí tiransifọ́mà, RCD yóò sì rí i pé nǹkan sọnù. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń gbé kiri kò ní ìsopọ̀ yẹn. Neutral wọn kò kan ilẹ̀ níbì kankan, changeover wa sì ń já wáyà méjèèjì ti ìjọba sílẹ̀ nígbà tí a bá bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀. Iná tó jò kò rí ọ̀nà padà, torí náà RCD kò rí ohun tó sọnù. Ínfátà wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń lo bátìrì. Ẹnikẹ́ni lè fi èyí tu ara rẹ̀ nínú pé ìyẹn dára bẹ́ẹ̀, nígbà tí iná kò ti rí ọ̀nà gba ara ènìyàn. Bàbá ní ìtura yẹn kì í pẹ́. Bí àbùkù kejì bá ṣẹlẹ̀ níbòmíràn nínú ilé, tí wáyà kejì sì kan ilẹ̀, odindi 230 fólítì ni yóò wà láàárín omi táǹkì àti ilẹ̀ tí ènìyàn dúró lé, ó sì ṣeé ṣe kí RCD má sọ ohunkóhun.

Ohun tó ká mi lára jù nínú àlàyé rẹ̀ ni ti bọ́tìnnì T, bọ́tìnnì ìdánwò tó wà lára RCD. Mo ti máa ń tẹ̀ ẹ́ lóòrèkóòrè lórí jẹnẹrétọ̀, ó sì máa ń já, inú mi a sì dùn. Bọ́tìnnì yẹn ń dá àìdọ́gba sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni. Ó fi hàn pé ẹ̀rọ lè já, kò sì sọ ohunkóhun nípa ilẹ̀, nípa wáyà earth, tàbí nípa neutral jẹnẹrétọ̀. Kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù, ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ohun tí ó dáhùn àti èyí tí kò dáhùn.

Bàbá gún irin kan mọ́ ilẹ̀ tútù lẹ́yìn ilé, ó so ẹsẹ̀ kan míítà rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ki ẹsẹ̀ kejì bọ omi táǹkì. Míítà ka nǹkan bí 90 fólítì. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ kan náà lọ sí ara fíríìjì nínú ilé ìdáná, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á bákan náà. Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀ ju ìdí táǹkì lọ. Ẹ̀rọ amómitutù ní irin titanium kan tí omi ń kọjá lára rẹ̀, tí wọ́n so mọ́ wáyà earth. Ọ̀nà yẹn ni iná tó ń jò gbà wọ earth ilé. Irin earth tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ilé, wáyà tó dè é ti jẹra, iná kò fi bẹ́ẹ̀ rí ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ, ló bá tàn ká gbogbo ohun tó ní wáyà earth nínú ilé. Àwọn ọmọ ti máa ń sọ pé fíríìjì ń gbé àwọn díẹ̀díẹ̀. A ti ní kí wọ́n máa wọ bàtà wọ ilé ìdáná.

Ó fa gbogbo púlọ́ọ̀gì yọ, ó so RCD tuntun, ó sì ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí iná ìjọba. Pọ́ǹpù ìgbì kan, ọ̀kan lára àwọn tó ń ru omi nínú táǹkì òkè, ló já a. Nígbà tí a yọ ọ́ síta, a rí ìlà kan lára ike líle tí wọ́n fi di àárín rẹ̀ pa. Ìlà náà tín-ín-rín débi pé n kì bá tí rí i bí kì í bá ṣe pé ìpẹtà òòfà inú rẹ̀ ti kùn ún ní pupa. Pọ́ǹpù náà ṣì ń yí dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan nípa míítà fún àwọn tó bá fẹ́ dán irú èyí wò fúnra wọn. Míítà ìgbàlódé lè ka fólítì díẹ̀ nínú omi nígbà tí kò sí ohun tó ń jò, nítorí pé wáyà iná àti pọ́ǹpù tó wà nítòsí lè mú kí ó fara hàn bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ní ọ̀nà láti yà wọ́n sọ́tọ̀: ó ń fi ohun tó ń jẹ iná díẹ̀ sí àárín, bí fólítì náà bá wálẹ̀ wọ̀ọ̀, òjìji ni, bí ó bá dúró, iná ń jò lóòótọ́. N kò gba ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe oníṣẹ́ iná níyànjú láti ṣe ìyẹn.

Wọ́n rì irin earth tuntun, wọ́n sì wọn bó ṣe wọlẹ̀ tó. Bàbá so neutral jẹnẹrétọ̀ mọ́ earth níhà ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀, ṣáájú changeover, ó sì ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ fún ínfátà lẹ́yìn tó ti ka ìwé tó bá a wá, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ínfátà ló gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ ara yín ṣe èyí. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀rọ ìdánwò tó ń kì sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì dán RCD wò lórí iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì já lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Èyí tó kù, ọwọ́ mi ká a. Ẹ̀sitẹ́ńṣọ̀n kúrò nílẹ̀, ó wà lára ògiri ní ẹ̀gbẹ́ táǹkì, kì í ṣe lókè rẹ̀, kì í sì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wáyà kọ̀ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ kọjá púlọ́ọ̀gì kí ó tó gòkè padà lọ bá a, kí omi tó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀ níbi tó ti rọ̀ jù. RCD di méjì: bí ọ̀kan bá já, pọ́ǹpù kan ṣì wà tó ń ru omi, n kò sì ní sí lábẹ́ ìdẹwò àtiyọ èyí tó ń já nítorí kí ẹja má baà kú. Mo ṣàkíyèsí pé ìdẹwò yìí gan-an ló ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ RCD wọn. Àwọn pọ́ǹpù ìgbì ti di ti 24 fólítì, ohun tó ń dín iná kù fún wọn sì jìnnà sí omi. Ní ti èèpá iyọ̀, mo ń fi àkísà tó rin díẹ̀ nù ún lẹ́yìn tí mo bá ti fa púlọ́ọ̀gì yọ, kí ó tó dé ìdí ohunkóhun.

Àwọn kan á ní kí ẹ ki irin titanium tí a so mọ́ earth bọ omi. Níbi tí RCD bá wà, tí earth sì dára, ó wúlò, torí pé RCD yóò já lójú ẹsẹ̀ tí nǹkan bá jò dípò kó dúró de ọwọ́ ènìyàn. Níbi tí kò bá sí RCD, ó burú ju kí ó má sí lọ. Ní irú ilé tí tiwa jẹ́ tẹ́lẹ̀, irin bẹ́ẹ̀ á kàn máa gbé àbùkù ẹ̀rọ ìfọṣọ wá sínú táǹkì ni.

N kì í fọwọ́ bọ omi mọ́ láìjẹ́ pé mo ti fa púlọ́ọ̀gì gbogbo yọ. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi pẹ̀lú bátìrì ni mo máa ń fi ra àkókò. Àbúrò mi tó ń bá mi bọ́ ẹja nígbà tí mo bá rìnrìn àjò ti mọ ibi tí a ti ń pa iná gbogbo ilé, ó mọ̀ pé bí iná bá gbé ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni kí òun sáré lọ, kí òun má fọwọ́ kan ẹni náà. Bí RCD bá já, kí ó dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá tún já, kí ó fa gbogbo púlọ́ọ̀gì ìdí rẹ̀ yọ, kí ó tan ẹ̀rọ oníbátìrì náà, kí ó sì pe Bàbá kí ó tó pè mí.